Elégbè àti Àwo Ìkẹyìn Agogo

Ohùn tí gbogbo ayé ń gbọ́, ẹnì kan ló ń gbé e dúró lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń jiyàn, kí ó lọ wo òrùlé ilé rẹ̀, kí ó bi í léèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ sókè. Obìnrin tí à ń ròyìn rẹ̀ yìí, òpó ni. Aránṣọ ni lójúmọmọ: kò sí ọmọ ilé-ìwé kan ní gbogbo àdúgbò náà tí kò wọ aṣọ tí ó ti abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán an wá sáyé, elégbè ni. Elégbè náà ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tí ó ń gbè.

Ohun tí ó ń gbè ni orin àbúrò rẹ̀ obìnrin, akọrin tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ ní Agogo. Bí Agogo bá ń kọrin nínú balùwẹ̀, àwọn tó ń jà níta á jáwọ́ lára ara wọn, wọn ò sì ní rántí ohun tó fa ìjà mọ́. Ìgbà kan wà tí iná lọ láàárín orin nínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Gbogbo ẹ̀rọ kú, òkùnkùn bolẹ̀ biribiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iná ti lọ títí orin náà fi parí. Ẹ má bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe ń ríran. Ohùn ni wọ́n fi ń ríran.

Ohùn ọ̀hún kì í já. Akọrin mìíràn á kọ ìlà kan tán, á mí, á tún bẹ̀rẹ̀. Etí á gbọ́ ibi tó ti mí. Ti Agogo yàtọ̀. Ẹ lè tẹ́tí títí etí á fi dùn yín, ẹ ò ní mọ ibi tó ti mí, àfi bí ẹni pé ẹja ni. Àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn kọ́. Ẹ̀gbọ́n ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ìyá wọn ń nu ilẹ̀ ní ọsibítù, iṣẹ́ tó máa ń gbé e kúrò nílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Á fi àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọkùnrin jòjòló, sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin méjèèjì. Ọmọ náà, ẹkún rẹ̀ lè ṣí páànù lórí ilé. Orin nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́, orin ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ já: bí ẹ bá dákẹ́ pẹ́rẹ́n láti mí, igbe ti ta. Ni àwọn ọmọ méjèèjì bá dá ọgbọ́n. Àbúrò, tí ohùn rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, á dá orí ìlà orin. Ẹ̀gbọ́n á bá a gbè é láàárín, á gbá ìrù rẹ̀ mú, á máa fà á lọ títí àbúrò á fi mí tán, tí á tún dá orí òmíràn. Kí wọ́n má bàa kọlu ara wọn, ẹ̀gbọ́n á gbé ọwọ́ lé àbúrò lẹ́yìn, láàárín eegun èjìká méjèèjì. Bí ẹ̀yìn bá wú, àbúrò ń mí sínú. Bí ẹ̀yìn bá ń rọlẹ̀, orí orin ti fẹ́ tán, kí òun wọlé. Ọwọ́ ló ń sọ fún ọ̀fun.

Orin tí wọ́n dá fún ọmọ náà kò gùn:

Òkùnkùn kò ní eyín o,
kò lè gé ọmọ wa jẹ.
Oorun ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́,
ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá wọn bá wọn nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ayé mà ti dorí kodò! Àbúrò ló wá ń ṣe orí, ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe ìrù."

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, "Màmá, màlúù tí ò nírù ńkọ́?"

"Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin."

"Èmi ni Olúwa rán."

Ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún yẹn ti di géńdé báyìí, ó ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ǹtì, Àjàgbé ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Títí di òní, kò lè sùn níbi tó bá dákẹ́. Rédíò ọkọ̀ rẹ̀ kì í sinmi.

Àṣà ọmọdé yẹn náà ni àwọn méjèèjì gbé wọ sitúdíò nígbà tí Agogo fẹ́ ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjinía, gbé máìkì méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún olórin, ọ̀kan fún elégbè lókèèrè. Elégbè wò ó.

"Ta ló ni tọ̀hún yẹn?"

"Tiyín ni, Àǹtí."

"Ọwọ́ mi ò gùn tó bẹ́ẹ̀."

Ó lọ dúró sẹ́yìn àbúrò rẹ̀ níwájú máìkì kan ṣoṣo, ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́. Ẹnjinía ṣe oríṣiríṣi àlàyé nípa bí wọ́n ṣe ń ya ohùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe níkọ̀ọ̀kan. Kò rí ẹni gbọ́ ọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, òun náà gbé máìkì kejì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwo yẹn gbalẹ̀ gbòde. Ilé onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀lẹ̀tíríkì, ibùdókọ̀, ibi gbogbo ló ti ń dún. Wọ́n ní adìyẹ ẹnì kan kọ̀, kò yé ẹyin, àyàfi bí wọ́n bá gbé rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ojú Agogo nìkan ló kún iwájú páálí àwo náà bámúbámú, pẹ̀lú aṣọ funfun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán. Lẹ́yìn páálí, wọ́n kọ orúkọ onígìtá, onílù, ayàwòrán, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń se oúnjẹ. Wọn ò kọ ti Elégbè. Kò sẹ́ni tó fi ibi ṣe é. Wọ́n gbàgbé ni, bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé pé òun ní ẹ̀yìn títí dọjọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún. Elégbè yí páálí náà padà sẹ́yìn, ó yí i síwájú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi sábẹ́ aṣọ tí ó fi ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni ó gba àdúrà kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àdúrà tí ènìyàn kì í gbà sókè ni. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun nìkan dá kọ orin kan lọ́jọ́ kan, kí àbúrò òun jókòó kí ó máa gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Agogo tó bẹ̀rẹ̀ àwo kejì. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ń há. Ó kọ́kọ́ dà bí iyanrìn díẹ̀ nínú gààrí, ẹ jẹ ẹ́, ẹ fojú fò ó. Nígbà tó yá, iyanrìn náà pọ̀ ju gààrí lọ. Dókítà tan iná sí i lọ́fun, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ohun kan ti hù síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò; lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, bóyá ó máa lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orin ti tán. Agogo bẹ̀ ẹ́ kó fún òun láyè kí òun fi parí àwo náà. Dókítà bú u, ó fún un láyè díẹ̀, ó tún bú u.

Bí wọ́n ṣe ń fi ìkánjú gba ohùn sílẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń kó aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ti ṣú. Elégbè ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣe làálàá ju ti àná lọ. Bí àbúrò bá ṣe ń gé orí orin kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń tètè wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Wọ́n parí gbogbo orin àyàfi ọ̀kan. Agogo ló fi ìyẹn sí ìkẹyìn fúnra rẹ̀: orin ọmọ tí wọ́n fi ń rẹ Àjàgbé lẹ́kún. Ó ní òun ni wọn yóò fi pa ilẹ̀kùn dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́, ó jí, ó lanu láti kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀, ohun tó jáde kò ju atẹ́gùn lọ.

Ọ̀túnla sì ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni baba tó ni ilé-iṣẹ́ àwo, Ọ̀gá Àwo, wá sí ṣọ́ọ̀bù Elégbè. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó wá ibi jókòó láàárín àwọn ìdì aṣọ búlúù, ó rí àpótí kan, ó jókòó, pákó rẹ̀ ké. Elégbè kò dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró.

Ọ̀gá Àwo ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ló bá mi wá."

"Ọ̀rọ̀ nìkan kọ́. Ojú yín ti sọ ìdajì rẹ̀."

"Ohùn yín àti ti àbúrò yín, ìbejì ni. Ẹnjinía ló sọ ọ́, kì í ṣèmi. Ó ní bí òun bá di ojú, òun ò ní mọ̀ yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ orin tó kù yẹn."

Ẹ̀rọ dúró. "Kí n kọ ọ́ lórúkọ ta ni?"

Ọ̀gá Àwo wú ikọ́. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá ra àwo Agogo, Agogo ló fẹ́ gbọ́. Tí a bá kọ orúkọ yín síbẹ̀, a ti sọ fáyé pé kì í ṣòun. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí n yá yín ní ọ̀fun, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ rán mi lẹ́nu pọ̀. Ọ̀gá, èmi ni mò ń ránṣọ níbí o, ẹ̀yin kọ́."

"Àǹtí, ẹ má bínú. Àwọn ènìyàn ń retí ẹ̀."

"Wọ́n á retí ẹ̀ tì."

Ó tún tẹ ẹ̀rọ. Ọ̀gá Àwo dìde, ẹ̀wù rẹ̀ gbé fọ́nrán òwú búlúù lọ sílé, kò sì mọ̀.

Inú bí Elégbè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ ẹ́ níkùn kì í ṣe ìbínú. Àdúrà rẹ̀ ni. Àdúrà ọjọ́sí ti gbà. Wọ́n fẹ́ kó dá kọrin, wọ́n fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ jókòó gbọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ Ọlọ́run gan-an. Bó ṣe wá gbà sì rèé. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí aṣọ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló kan ọ̀fun ọmọ ìyá rẹ̀ tí ohun náà fi hù síbẹ̀. Ó rán apá aṣọ kan mọ́ ibi ọrùn. Ó tú u. Ó tún rán an síbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ìyá wọn, Agogo ń dúró dè é nínú yàrá, ó fi ìborùn wé ọrùn. Ó fi ọwọ́ pè é mọ́ra, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo rán Ọ̀gá Àwo."

"Ìwọ! Ìwọ tó ń sọ lórí ìtàgé pé ọ̀fun rẹ ni wọ́n ń rà, pé o ò ní ta ọ̀fun ẹlòmíràn láyé?"

"Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́."

"Irọ́ lo wá fẹ́ fi ṣe ìkẹyìn?"

"Ẹ gbọ́ mi ná." Ó mí títí. "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí n ò bá jí lórí tábìlì yẹn, orin yẹn á kú sọ́dọ̀ èmi àtẹ̀yin. Ẹ bá mi kọ ọ́. Orúkọ tó bá wù wọ́n kí wọ́n kọ."

Elégbè wo ìyá wọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá náà ò gbójú sókè. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Elégbè rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ọ̀rọ̀ orúkọ ti kọjá lọ, ọ̀rọ̀ ọmọ tí òkùnkùn ń dẹ́rù bà ló kù nílẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Wọ́n á pè é ní tìẹ. Màá kọ ọ́ lọ́la."

Ọjọ́ kejì, ó fi kánjúkánjú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé téèpù tó fi ń wọn aṣọ sọ́rùn.

Yàrá sitúdíò náà kò tóbi. Fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n kàn mọ́ ògiri kí ohùn má bàa fò kiri; fáànù kan wà lókè tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ooru á sì máa fọ ènìyàn bí ọṣẹ. Àga kan wà ní igun tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé, torí pé ó máa ń ké, ó lẹ́nu ju onílé lọ. Lẹ́yìn gíláàsì ni Ẹnjinía wà pẹ̀lú Ọ̀gá Àwo. Agogo jókòó tì wọ́n, ìborùn ní ọrùn, ọwọ́ lórí itan.

Elégbè dúró níwájú máìkì. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí i létí. Ó dé ibi tó yẹ kó ti wọlé, ó dákẹ́, ó wá gbé e láàárín: "...kò lè gé ọmọ wa jẹ." Ohùn náà dára, ó dùn débi pé Ọ̀gá Àwo mi orí. Àmọ́ orin náà ò lórí.

Ẹnjinía ní, "Àǹtí, ẹ pẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. "...kò lè gé ọmọ wa jẹ." Ìrù kejì, "...ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn." Ibi tí orí wà tẹ́lẹ̀, àlàfo ni.

Ọ̀gá Àwo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bá ẹni tó wà nínú sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ṣé ọmọ tí ò lórí lẹ fẹ́ bí fún wa ni? Ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ orin mọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kẹ̀? Èmi ni mo dá ìdajì ẹ̀!"

"Ìdajì yẹn la ti gbọ́. Ìdajì tó kù là ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó gbìyànjú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò gbìyànjú. Ó sọ ọ́ lẹ́nu, ó lọ geere: òkùnkùn kò ní eyín o. Ó ní kí wọ́n gbé orin sí i. Ọ̀fun dúró bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọn ò tíì pè. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni ọ̀fun yẹn ti ń dúró de ọwọ́ kí ó tó wọlé, ọwọ́ náà sì ń dúró de ẹ̀yìn. Lónìí, ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ rí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tó nà síwájú, tó ń tẹ́ sórí afẹ́fẹ́.

Ẹnjinía rí i pẹ̀lú. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó fi há etí. "Ẹ fọwọ́ lé igi máìkì yẹn wò."

"Ṣé igi ń mí ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Agogo ti dìde, ó ti wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó wá dúró níwájú máìkì, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń dúró.

Elégbè gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀yìn náà ti gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá eegun níbi tí ó ti ń bá ẹran tẹ́lẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn wú díẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ohùn kan sì jáde níwájú tí kì í ṣe ti Agogo tí ayé mọ̀: ó há, ó fọ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpò lórí iyanrìn.

Òkùnkùn kò ní eyín o...

Kò kọ ọ́. Ó sọ ọ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kan ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti gbé e. Ó gbé e sókè bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó ṣubú, kò sì jẹ́ kí ó já. Orí míràn, ìrù míràn. Bí àbúrò bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n á gbé e. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, àwọn kafíńtà tó ń kan nǹkan ní ilé kejì gbé òòlù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóòmù ni ògiri sitúdíò, ohùn kì í jáde níbẹ̀.

Wọ́n dé ìlà tó kẹ́yìn, ibi tí Elégbè ti máa ń fa ìrù orin gùn jù lọ. Omijé ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lójijì, èémí tán nínú rẹ̀ pátápátá. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Òun ló máa ń di orin mú kí àbúrò lè mí, ta ló wá fẹ́ bá òun dì í mú? Ó mọ̀ pé yóò já. Ó ṣí ẹnu láti mí, ó ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ náà.

Ìdákẹ́jẹ́ ò dé. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ń kùn. Agogo ti pa ẹnu dé, ó ń fi imú àti àyà kùn orin náà, ohùn tín-ín-rín bí atẹ́gùn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó di ìrù orin mú títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mí tán. Elégbè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀gá Àwo ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ó dùn. Mi ò sọ pé kò dùn. Ẹnjinía, ṣáà bá mi yọ èyí tó há yẹn kúrò, ká wá ọgbọ́n kan dá sí i."

"Kò ṣe é yọ, Ọ̀gá."

"Báwo ni ò ṣe ní í ṣe é yọ? Ẹ̀rọ lo jókòó tì!"

"Máìkì kan ṣoṣo ló gba àwọn méjèèjì. Ó dà bí iyọ̀ nínú omi. Bí ẹ bá ní kí n gbé ọ̀kan, méjèèjì ni màá gbé."

Ọ̀gá Àwo dijú. Agogo jáde sí wọn, ó gbá etí àga Ọ̀gá Àwo mú, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì wà ní títẹ̀, gbogbo ohun tó sọ ni Elégbè gbọ́ nínú lọ́hùn-ún.

"Mo sọ fáyé pé ọ̀fun mi ni wọ́n ń rà. Ọ̀fun mi rèé, Ọ̀gá. Bó ṣe kù nìyí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi síwájú páálí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Irọ́ tí mo rán yín, mo gbà á padà."

Ọ̀gá Àwo wò ó, ó wo gíláàsì. Ó ní, "Kò burú." Ó tún ní, "Kò burú," bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àgbàlá ẹ̀yìn sitúdíò náà ni ayàwòrán ti ya fọ́tò iwájú páálí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, torí pé kò sí ọjọ́ míràn. Bó ṣe ń múra sílẹ̀ ni Elégbè ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tó ti mọ́ ọn lára. Ayàwòrán ní, "Màdáámù, ẹ bọ́ síwájú, mi ò rí yín." Kò lè lọ. Agogo bá di téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀ mú, ó fi fà á síwájú bí ẹni ń fa ewúrẹ́, ẹ̀rín sì pa àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní àwo náà nílé, kó gbé e wò: téèpù yẹn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Agogo jí. Ohùn kò bá a jí.

Ní ọjọ́ tí àwo náà jáde, gbogbo wọn pàdé ní ilé ìyá wọn. Àjàgbé gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó fi dí ojú pópó, àwọn ará àdúgbò ń ṣépè fún un láti ojú fèrèsé. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀, ó ní òun ò ní gbọ́ orin náà o, pé òun ò fẹ́ sunkún lójú obìnrin. Nígbà tí wọ́n gbé e sí orin tó kẹ́yìn, kó tó dé ìlà kejì, ó ti sùn fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì.

Ìyá wọn tẹ́tí sí ohùn tó há àti èyí tó gbé e. Kò sunkún. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ," ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Elégbè gbè é: "Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Orin parí. Ilé dákẹ́. Ojú Àjàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú oorun, iwájú orí rẹ̀ ń ká jọ, gẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ jòjòló ọjọ́un tó fẹ́ ké. Àwọn obìnrin méjèèjì mọ ojú yẹn. Agogo ṣí ẹnu, ó rántí, ó pa á dé. Ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ kan bà lé Elégbè lẹ́yìn, láàárín eegun èjìká méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án sí rí. Ọwọ́ náà dúró, ó ń dúró dè é. Ó sì tì í síwájú díẹ̀, bí a ti ń ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Elégbè mí sínú. Ó dá orí orin.

"Òkùnkùn kò ní eyín o..."

Ó dé òpin ìlà, èémí rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó máa gbá ìrù rẹ̀ mú. Àjàgbé la ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó ń wá èémí àti èyí tí kò ní ohùn. Ohùn rẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ dáná lówùúrọ̀, kò bá orin mu rárá, àmọ́ ó dé lásìkò.

"...kò lè gé ọmọ wa jẹ," ó ní, ó sì fà á, ó ń fà á lọ, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi mí tán.